Abẹ́ Aṣọ Ni Ọ̀gá Mi Máa Ń Kọ́kọ́ Wò

Bí mo bá gbé iṣẹ́ tọ ọ̀gá mi lọ ní Ifọ̀, kì í wo ojú rẹ̀. Á gbà á lọ́wọ́ mi, á yí i sódì, á gbé e sún mọ́ fèrèsé, á wá máa fi èékánná họ abẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń wá iná orí. Bí òwú bá ká jọ níbẹ̀, á dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Ọdún 1991 là ń wí yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, ara mi sì dá mi lójú. Òdòdó tí mo ṣe sí àyà dàńṣíkí, lójú tèmi, kò sí ọmọọṣẹ́ tó lè ṣe irú rẹ̀ láti Sángò títí dé Papaláńtò. Ọ̀gá ò tiẹ̀ mọ̀ pé òdòdó ni. Abẹ́ ló wò.

Ìyá mi ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ náà. Ó gbé páálí ẹlẹ́rìndòdò kan dání pẹ̀lú obì, wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta, mo sì di ọmọọṣẹ́ kẹrin nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹ̀yìn wa ni ojú irin wà, èyí tí ìjọba òyìnbó là láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901. Oríta ojú irin ni Ifọ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà gba ìhà Ìlaròó lọ dé Ìdọgọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ò fi bẹ́ẹ̀ rìn déédéé mọ́, àmọ́ bó bá ń kọjá, ìgò òróró ẹ̀rọ á máa jó lórí tábìlì, ọ̀gá á ní kí gbogbo wa gbẹ́sẹ̀ kúrò títí yóò fi lọ tán. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. A ò mọ̀ pé ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ohunkóhun mi ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá ni.

Mónógíráàmù là ń pe iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ a kì í sábà kọ lẹ́tà orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí mónógíráàmù nílẹ̀ wa ni ọnà tí a fi ẹ̀rọ rán sí ọrùn, àyà àti àpò agbádá, sí ẹnu ṣòkòtò, sí bùbá obìnrin. Kí ẹ̀rọ tó dé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn àgbà tó ń fọwọ́ ṣe é ṣì wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, wọn ò sì ka tiwa sí iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é, àwa kàn jókòó tì í. Wọ́n purọ́ mọ́ wa. Télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò ni ẹ̀rọ ń bá ṣiṣẹ́: eyín abẹ́ ẹ̀rọ á máa wọ́ aṣọ lọ síwájú fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú ìránṣọ á dọ́gba. Àwa máa ń yọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dànù, a ó rẹ eyín rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ká fi irin pẹlẹbẹ bò ó. A ó na aṣọ le dandan sínú fíréèmù onígi róbótó, a ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú, a ó wá máa tì í síwá sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí bírò dúró sójú kan tí ìwé ń rìn. Kò sí ohun tó ń bá wa wọn ojú ìránṣọ àfi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa, nítorí Singer ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀gá ní, mẹ́ta, pẹ̀lú Butterfly dúdú kan tó ti Ṣáínà wá, tí àwa ọmọọṣẹ́ kékeré ń lò.

Òwú méjì ló ń pàdé nínú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀kan ń bá abẹ́rẹ́ ti òkè wá, èkejì wà nínú bọ́bìnì nísàlẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tó sì fẹ́ padà sókè, òwú rẹ̀ á ṣe ojóbó kékeré kan. Ìkọ́ abẹ́ ẹ̀rọ á fi ẹnu gbá ojóbó náà mú, á gbé e yí bọ́bìnì po, òwú méjèèjì á sì kọ́ ara wọn lọ́rùn. Elias Howe ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí irú ìránṣọ yìí ní 1846, Isaac Singer gba tirẹ̀ ní 1851, àwọn méjèèjì sì fa ara wọn délé ẹjọ́, Howe ló borí. Ìjà tiwa ní Ifọ̀ kò ju ibi tí òwú méjèèjì ti pàdé lọ. Bí wọ́n bá ń fa ara wọn lọ́gbọọgba, àárín aṣọ ni wọn yóò ti kọ́ra, ojú ò ní rí i. Bí ti òkè bá le jù, á fa ti ìsàlẹ̀ yọ sójú aṣọ, ẹ óò máa rí funfun tó-tò-tó láàárín òdòdó pupa. Bí ti òkè bá dẹ̀ jù, abẹ́ ni yóò ti lọ kó ìranù rẹ̀ sí. Tẹ́ńṣọ̀n là ń pe gbogbo wàhálà náà pọ̀. “Tẹ́ńṣọ̀n ti ṣe é,” la ó wí, bí ẹni pé àìsàn kan ló kọ lu ẹ̀rọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gbà mí láyè kí n jókòó sídìí Butterfly ni mo ti rí èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Mo yọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo ti fíréèmù bọ abẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹsẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ̀rọ gàn. Mo fa aṣọ, kò wá. Nígbà tí wọ́n bá mi gé e kúrò, abẹ́ rẹ̀ rí bí irun orí wèrè: òwú pupa tó wé mọ́ra, tó so kókó, tó dì. Mo mú síkúrúdíráfà, mo dojú kọ síkúrúù kéèsì bọ́bìnì, èyí tó ń mú òwú ìsàlẹ̀ le tàbí dẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni rògbòdìyàn wà, ìsàlẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí gbá mi lọ́wọ́. Ó na ìka kan, ó fi tẹ ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́yìn orí ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè sódò. “Rán an wò.” Mo rán an. Ó dán.

Ọ̀pá yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń gbé. Òun náà ló ń la àwo irin pẹlẹbẹ méjì tó ń fún òwú òkè lọ́rùn. Bó bá wà lókè, àwo méjèèjì á là, kò sí ohun tó di òwú mú, òwú á máa ya wọ abẹ́ aṣọ bí omi. Èmi rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹsẹ̀ lára ẹ̀rọ, kò sí ohun tí mo fẹ́ gbé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé rúdurùdu tó bá wà lábẹ́ aṣọ, òkè ló sábà máa ń ti wá, pé funfun tó bá sì yọ sójú aṣọ, ẹ má ṣe gbàgbé láti wo ìsàlẹ̀. Ẹlẹ́bi kì í sábà gbé níbi tí ẹ̀bi ti hàn. Mo ti kọ́ ọmọọṣẹ́ tó lé ní ogún lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo ṣe.

Síkúrúù kéèsì bọ́bìnì, ọ̀gá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó rẹ̀ kan àmì sí i lórí kéèsì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni bá yí i, á mọ̀. “Síkúrúù kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́,” ni yóò sọ. Ká tó dé ọ̀dọ̀ síkúrúù, ó ní ibi tí ó máa ń gbà. Á yọ abẹ́rẹ́, á gbé e sórí díńgí, á wò ó bóyá ó ti tẹ̀, á fi ẹnu rẹ̀ wọ́ orí èékánná, bó bá ti kú, á ha èékánná. Á wò ó bóyá ìhà tó ní kòtò gígùn ló kọ sí ibi tí òwú ti ń wọlé. Á tú òwú òkè pátá, á fi í bọ ojú ihò gbogbo lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á wọ àárín àwo, nítorí òwú tó bá gun orí àwo láìwọ inú rẹ̀ á tan èèyàn jẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ kéèsì, á fi ìyẹ́ adìẹ gbá ìdọ̀tí inú ìkọ́ dànù, á fi etí káàdì tín-ín-rín kan gba abẹ́ irin pẹlẹbẹ ara kéèsì kọjá. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí mo bá sọ ohun tó máa ń jáde níbẹ̀. Hóró eruku aṣọ kan tí kò tó irúgbìn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti ń gbé irin náà sókè, òwú ìsàlẹ̀ ti dẹ̀, aṣọ ti bàjẹ́, ẹnì kan ti ń wá síkúrúdíráfà kiri. Ìdajì ohun tí a ń pè ní tẹ́ńṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìdọ̀tí ni.

Bó bá wá dé ojú ẹ̀ tó jẹ́ pé síkúrúù náà ni, á fi kéèsì kọ́ afẹ́fẹ́. Á di ìdí òwú mú, á jẹ́ kí kéèsì àti bọ́bìnì inú rẹ̀ máa rọ̀ dirodiro bí aláǹtakùn tó ń ti àjà bọ̀. Bó bá ń yọ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dẹ̀ jù. Bí ọ̀gá bá ju ọwọ́ díẹ̀, tí kò mì, ó le jù. Èyí tó dáa, bí a bá ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n ìka kan, á sì dúró. Yíyí tí yóò yí síkúrúù kò ní ju bí ọwọ́ gígùn aago ṣe ń rìn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Á tún rán an wò lórí èérún aṣọ kan náà, kì í ṣe aṣọ mìíràn. Mo ti rí i tó fi wákàtí kan gbáko ṣe èyí, tí alágbádá jókòó sórí àga tó ń mi ẹsẹ̀, tí ọ̀gá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí díńgí, ìyẹ́ adìẹ àti kéèsì ò lè wò sàn. Ọwọ́ ni. Nígbà tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá dé orí ìlà tó tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sáré, ẹ̀rù ló ń bà á, ó fẹ́ tètè kọjá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì falẹ̀ nítorí ọkàn rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ojú ìránṣọ á gùn níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á tẹ̀ síbi tí aṣọ ń lọ, òwú òkè ò ní ráyè fà wọlé kí aṣọ tó sún. Ẹ yí i sódì, àwọn ibi tó tẹ̀ nìkan ni yóò bàjẹ́, ibi tó lọ tààrà á mọ́ lóló. Ọ̀gá lè jókòó sí ìta, kó máa ṣe eré ayò, kó gbọ́ ìró ẹ̀rọ, kó sì pariwo wọlé pé, “Ọwọ́ rẹ ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ ń ṣe gbẹ̀fẹ́!” Kò rí wa o. Etí ló fi gbọ́ ọ.

Iléyá 1993 ni mo fi mọ̀ pé ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ lásán. Ọdún náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Okúdù, ìdìbò Okúdù 12 ti kù sí dẹ̀dẹ̀, rédíò ò sọ ohun mìíràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ régbèrégbè kan gbé aṣọ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, gíní aláwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Ojúde Ọba níwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Òwú góòlù ni wọ́n ní kí a fi ṣe é. Ẹni tí kò bá tíì fi òwú góòlù ṣiṣẹ́ rí, kó má tíì pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́. Ọ̀já irin tín-ín-rín ló wé mọ́ òwú inú rẹ̀, bí ojú abẹ́rẹ́ bá há, á bó o láṣọ, á já. Ó fẹ́ abẹ́rẹ́ tó tóbi, ó fẹ́ kí òkè dẹ̀, ó fẹ́ sùúrù.

Ọ̀gá sáré lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan, ó fi agbádá kan sílẹ̀ fún mi. Òwú ń já. Mo rò pé dídẹ̀ ló ń dẹ̀ jù, mo yí tòkè le. Ó tún já. Mo yí i le sí i, mo wá yí kéèsì náà mọ́ ọn kí wọ́n lè bára dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò lórí àmì kútẹ́ẹ̀sì. Lóòótọ́, jíjá náà dín kù nígbà tí mo tún dín eré ẹsẹ̀ kù, orí mi wú. Ìgbà tí mo yọ aṣọ kúrò nínú fíréèmù ni mo rí i pé àyà agbádá náà ti hun jọ bí awọ ẹsẹ̀ adìẹ. Òwú méjèèjì ti fa gíní mọ́ra, nígbà tí fíréèmù ò sì nà án mọ́, ó padà sí ìwọ̀n tí òwú fún un.

Ọ̀gá dé ní alẹ́. Ó yí i sódì, dájúdájú. Ó wo kéèsì. Ó lọ mú abẹ féfẹ́ méjì wá, ó fún mi ní ọ̀kan, ó mú ìkejì, a sì jókòó sídìí àtùpà, à ń tú òwú góòlù ní ojú kọ̀ọ̀kan, láti abẹ́. Wọ́n pe ìrun òwúrọ̀ bá wa lẹ́nu ẹ̀. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, “Ìwọ náà ti rí abẹ́ aṣọ dáadáa báyìí.” Aṣọ náà dé Ìjẹ̀bú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe.

Mo ṣe fìrídọ̀mù ní 1994, mo bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ní Sángò fún ọdún méjì, mo wá gba ṣọ́ọ̀bù onípákó ní Mowe ní 1996. Èkó ni mo gbà dé Mowe: Sángò, Agége, Berger, kí n tó bọ́ sórí títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Ẹni tó bá rí Mowe àti Ibafo lónìí ò lè mọ bó ṣe rí. Oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìrẹsì Ọ̀fàdà ò sì jìnnà. Àwọn tó ń sá fún owó ilé Èkó ló ń bọ̀ wá ra ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń fà wọ́n: Redemption Camp níwájú Mowe, àwọn Mountain of Fire náà lápá Ibafo. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe yàtọ̀ sí ti Ifọ̀. Agbádá kéré, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ló pọ̀, àgbélébùú, ẹyẹlé, iná tó ń jó. Mo ṣe ẹyẹlé títí ó fi ń wọnú àlá mi.

Níbẹ̀ ni mo ti ra ẹ̀rọ oníná, Singer 20U tó ń fi abẹ́rẹ́ ju sọ́tùn-ún sósì, tí èèyàn ń fi orúnkún darí fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé NEPA ò sí, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí gbogbo Mowe ń tàn nígbà tó yá ò sì dúró sójú kan. Bí aládùúgbò tó bá mi pín iná bá tan fíríìjì, iná á rọ̀, abẹ́rẹ́ á falẹ̀, ọwọ́ mi ò sì mọ̀, á ṣì máa sáré bọ̀. Abẹ́ aṣọ á tún di irun wèrè. Fún oṣù bíi mélòó kan mo ń yí síkúrúù. Lọ́jọ́ kan mo pa jẹnẹrétọ̀, mo jókòó, mo rántí “ọwọ́ rẹ ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ ń ṣe gbẹ̀fẹ́”. Mo lọ ra ìdí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, mo gbé 20U lé e, mo fi bẹ́líìtì so ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa á. Àwọn ọ̀dọ́ télọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo gbé mọ́tò dànù, mo ń fẹsẹ̀ rìn. Abẹ́ iṣẹ́ mi mọ́.

Mo wá fẹ́ sọ ti ọdún 2004, nítorí òun ló fi hàn mí pé n kò tíì parí ẹ̀kọ́. Obìnrin kan ti Houston dé, ìyá rẹ̀ kọ́lé sí Ibafo. Ó kó adìrẹ ẹlẹ́kọ wá láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó ní òun fẹ́ kí n fi ṣe aṣọ ìbora orí ibùsùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́dísíìtì lásán. Adìrẹ lókè, tẹ́rú nísàlẹ̀, kí a fi òwú ìtẹ́ fífúyẹ́ kan tó mú ti Amẹ́ríkà bọ̀ sí àárín, kí n wá fi ẹ̀rọ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ pẹ̀lú ìlà tó ń yí kiri bí odò, tí kò gbọdọ̀ gba orí ara rẹ̀ kọjá. Ó ní ní 2002 òun wo ìpàtẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Houston, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú abúlé Gee’s Bend ní Alabama ló ṣe wọ́n, láti ara àkísà ṣòkòtò iṣẹ́ àti aṣọ oko. Ó mú àwòrán jáde. Ọmọọṣẹ́ mi bẹjú wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, aṣọ eégún rèé!” Mo fẹ́ gbá a létí, obìnrin náà ní kí n fi sílẹ̀, ó ní ohun tí òun náà wí nígbà tí òun rí i nìyẹn.

Mo ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Mo ṣe nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ dára, mo yí i sódì. Òwú ìsàlẹ̀ na tààrà lórí tẹ́rú bí okùn ìsáṣọ, òwú òkè sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Gbogbo ibi tí odò náà ti tẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, abẹ́rẹ́ tiẹ̀ fo, kò rán rárá.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Nínú mónógíráàmù, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló gbé wa ró. A máa ń dẹ òkè díẹ̀ kí òwú aláwọ̀ lè rọ̀ sábẹ́, kí funfun bọ́bìnì má baà yọjú sókè. Òwú tín-ín-rín là ń fi sí bọ́bìnì, a ó lẹ sítéè mọ́ abẹ́, a ó fi aṣọ inú bò ó, ta ni yóò rí i? Ó ti mọ́ mi lára fún ọdún mẹ́tàlá débi pé mo rò pé bí tẹ́ńṣọ̀n ṣe ń jẹ́ nìyẹn. Aṣọ ìbora obìnrin yìí ò ní ẹ̀yìn. Ojú méjì ló ní. Kò sí ibi tí mo lè ti ẹ̀ṣẹ̀ mi sí.

Mo tú u. Mo wé òwú kan náà tó wà lókè sí bọ́bìnì. Mo dá síkúrúù kéèsì padà sí ojú àmì rẹ̀, nítorí èmi náà ti ń fi kútẹ́ẹ̀sì kan tèmi nígbà yẹn, mo sì fún òkè le díẹ̀díẹ̀, mo ń dán an wò lórí èérún onípele mẹ́ta kan náà, títí ojú méjèèjì fi jọra. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ 14 sí 16. Fífò tó ń fò ló kù. Òwú ìtẹ́ inú rẹ̀ wú, bí abẹ́rẹ́ bá ń jáde, á gbé gbogbo aṣọ tẹ̀lé ara rẹ̀, ojóbó ò ní ṣí, ìkọ́ á kọjá lófo. Fíréèmù ló máa ń bá mi di aṣọ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, aṣọ yìí sì nípọn ju ohun tí fíréèmù lè gbà. Obìnrin náà ló tú àpò, ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan jáde, róbótó ní ẹnu, ó ní sípírínì, irú èyí tí wọ́n ń lò láti fi di ihò aṣọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni òun náà ń sọ̀, á tẹ aṣọ fún ìṣẹ́jú àáyá yẹn, á tún fò dìde kí ọwọ́ lè rí aṣọ tì. Ọdún mẹ́tàlá, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo gé orí ìka ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì, mo wọ̀ ọ́ sí ìka kí adìrẹ má baà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rọra ń lọ. Níbi tí odò bá ti tẹ̀, mo ń bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó wá gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, mo sì dúró kí ó wo adìrẹ rẹ̀. Ó yí i sódì. Ó kọ́kọ́ wo tẹ́rú. Ẹ̀rín pa mí, n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe mónógíráàmù báyìí. Ẹ̀rọ olórí púpọ̀ tí Japan àti Ṣáínà ṣe, a ó fi àwòrán sí i, á máa rán agbádá mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọọṣẹ́ á sì wà nídìí fóònù. N kò bá a jà, mo ti ra ọ̀kan, olórí kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òwú méjì náà ló ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣì ń jà níbi tí wọ́n ti ń jà ní Ifọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, funfun ń yọ sójú aṣọ kan, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń tẹ bọ́tìnnì, ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Mo yọ kéèsì, mo fi etí káàdì gba abẹ́ irin rẹ̀ kọjá. Hóró eruku kan bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá mi kú ní 2015. Àkọ́bí rẹ̀ fún mi ní kéèsì Butterfly tí mo lò lọ́dún àkọ́kọ́, kútẹ́ẹ̀sì pupa náà ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi í sínú agolo bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aṣọ fún oníṣẹ́ mónógíráàmù, ní Mowe tàbí níbikíbi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i sódì kí ẹ tó sanwó. Níbi tí ọnà náà bá ti dí gbọin-gbọin, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí òwú bọ́bìnì funfun bí ìlà kan ní àárín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí òwú aláwọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ kò bá rí funfun rárá, òkè ti dẹ̀ jù, yóò máa kọ́ òrùka yín. Bó bá jẹ́ funfun nìkan lẹ rí, ó ti le jù, yóò hun jọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ dá a padà fún un, kó lọ tún un ṣe.